Kí ló kù nínú iṣẹ́ David Marr?

Ọdún 35 péré ni David Marr lò láyé. January 1945 ni wọ́n bí i ní Woodford, ní Essex nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó fi máa di November 1980, jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ti mú un lọ. Ohun tó kọ kò pọ̀: pépà ńlá mẹ́ta lórí bí ọpọlọ ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́ àti bó ṣe ń rántí nǹkan, ọ̀wọ́ pépà mìíràn lórí ìríran, àti ìwé kan ṣoṣo, Vision, tó jáde ní 1982 nígbà tí òǹkọ̀wé rẹ̀ ti wà nínú ilẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ fi ìṣirò wádìí ọpọlọ lónìí, ibi yòówù kó ti bẹ̀rẹ̀, kò ní pẹ́ kó tó bá orúkọ Marr pàdé.

Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, iye pépà tí ènìyàn kọ àti iye ìgbà tí àwọn ẹlòmíràn tọ́ka sí i ni wọ́n fi ń gbé e ga. Bí a bá fi òṣùwọ̀n yẹn wọn àwọn oníṣẹ́ ọpọlọ, Karl Friston ti University College London yóò wà lára àwọn tó síwájú pátápátá. Òun ló dá SPM sílẹ̀, ètò kọ̀ǹpútà tí àìmọye ilé ìwádìí fi ń ka àwòrán ọpọlọ, ẹni tó bá sì lò ó ní láti dárúkọ rẹ̀. Iyì tó tọ́ sí i ni. Ti Marr kò rí bẹ́ẹ̀. Kò fi irinṣẹ́ kankan sílẹ̀ tí àwọn ènìyàn ń lò lójoojúmọ́, púpọ̀ nínú ohun tó sọ ni àyẹ̀wò sì ti fi hàn pé kò rí bó ṣe sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká tú iṣẹ́ rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ká mọ èyí tó dúró àti èyí tó wó, ká sì mọ ohun tó mú kí èyí tó wó pàápàá ṣì máa bímọ. Èrò tèmi ni pé Marr ṣi iṣẹ́ ara rẹ̀ wọ̀n: èyí tó fojú kéré ló lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù.

Ìmọ̀ ìṣirò ló kọ́ ní Trinity College, Cambridge, kó tó yà sí ọ̀rọ̀ ọpọlọ lábẹ́ Giles Brindley. Pépà àkọ́kọ́ jáde ní 1969 nínú Journal of Physiology. Cerebellum ló dá lé, ìyẹn ọpọlọ kékeré tó wà lápá ìpàkọ́, tó ń bá wa tọ́ ìrìn àti ìṣọwọ́-ṣiṣẹ́ ara sọ́nà. Bó ti kéré tó, inú rẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ènìyàn wà, nǹkan bíi bílíọ̀nù 69 nínú bílíọ̀nù 86. Ní 1967, John Eccles, Masao Ito àti János Szentágothai ti tẹ ìwé kan tó fi bí àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ṣe so kọ́ra hàn. Ètò ti wà nílẹ̀, ohun tí ètò náà wà fún ni kò tíì yé ẹnikẹ́ni.

Ẹ wo ohun tí Marr rí níbẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì kan wà tí wọ́n ń pè ní Purkinje. Nǹkan bíi 200,000 okùn tín-ín-rín ló ń gba àárín ẹ̀ka rẹ̀ kọjá, tí kálukú wọn ń ta á jí díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n okùn mìíràn tún wà, ọ̀kan ṣoṣo fún sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, tó lọ́ mọ́ ọn láti ìsàlẹ̀ dókè bí ìtàkùn ṣe ń lọ́ mọ́ igi. Bí okùn yìí bá ti sọ̀rọ̀, sẹ́ẹ̀lì náà kò lè ṣe kó má dáhùn. Marr ní olùkọ́ ni. Bó bá sọ̀rọ̀ lásìkò kan náà pẹ̀lú díẹ̀ nínú àwọn 200,000 yẹn, ojú ibi tí àwọn wọ̀nyẹn ti pàdé sẹ́ẹ̀lì náà á yí padà, tó fi jẹ́ pé nígbà tó bá yá, àwọn náà á lè pàṣẹ láìsí olùkọ́ nítòsí. Bí ọmọ ṣe ń mọ̀ ọ́n rìn, bí ọwọ́ onílù ṣe ń mọ ibi tó máa bọ́ sí láìjẹ́ pé onílù ronú sí i, inú ìyípadà kékeré yẹn ni Marr ní ó wà.

Marr rò pé ojú ìpàdé náà á lágbára sí i ni. Ní 1971, James Albus, ẹnjiníà kan ní NASA, ní bẹ́ẹ̀ kọ́, agbára rẹ̀ á dínkù ni. Nígbà tí Masao Ito àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jàpáàn dán an wò, tí wọ́n sì kéde àbájáde rẹ̀ ní 1982, ti Albus ló jóòótọ́. Orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n ṣì fi ń pe tíọ́rì náà títí dòní. Ọ̀rọ̀ kò sì tán síbẹ̀. Ní 2011, àwọn eku tí wọ́n ti yí àbùdá wọn padà kí irú ìdínkù yẹn má lè wáyé ṣì kọ́ ohun tí wọ́n fi dán wọn wò. Marr tún ti sọ pé nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké tó ń ta okùn sí Purkinje, ìwọ̀nba díẹ̀ ni yóò máa ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí àwọn olùwádìí wá rí ọ̀nà tí wọ́n fi lè wo àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí lára ẹranko tó wà lójúfò, ní nǹkan bíi 2017, ọ̀pọ̀ ni wọ́n bá lẹ́nu iṣẹ́. Gbogbo èyí kò dín iyì pépà náà kù lójú mi. Ó sọ̀rọ̀ tó ṣe pàtó tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá fẹ́ já a fi mọ ibi tó máa fọwọ́ lé, àwọn tó ń gbìyànjú láti já a ló sì ń jẹ́ ká mọ cerebellum sí i.

Pépà kejì, ti 1970, dá lórí neocortex, èèpo òde ọpọlọ. Kò bímọ púpọ̀.

Ẹ̀kẹta, ti 1971, ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn. Orí hippocampus ló wà, apá kan tó fara sin sínú ọpọlọ lọ́wọ́ etí méjèèjì. Marr bi ara rẹ̀ léèrè pé bí ọpọlọ bá fẹ́ fi ìṣẹ̀lẹ̀ òní pamọ́ kíákíá, tó sì fẹ́ kí ìránnilétí bíńtín lè mú gbogbo rẹ̀ padà wá, irú ètò wo ló nílò. Òórùn ọbẹ̀ kan ṣoṣo ní ojú pópó, gbogbo àgbàlá ìyá àgbà sì ti dé síwájú ẹni, pẹ̀lú àwọn tó jókòó síbẹ̀. Ìdáhùn Marr ni pé àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ gbọ́dọ̀ máa ta okùn sí ara wọn padà, kí ìwọ̀nba tó ti jí lè jí àwọn yòókù. Ó fi kún un pé ibi ìpamọ́ fún ìgbà díẹ̀ ni hippocampus, àti pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ojú oorun ló ti ń kó ẹrù rẹ̀ lọ fún neocortex.

Ọmọ ọdún 26 ló wà nígbà tó jáde, kò sì sí àyẹ̀wò tó lè dá a láre nígbà náà. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Tim Bliss àti Terje Lømo kéde pé wọ́n rí ojú ìpàdé tó ń lágbára sí i tí kì í sì í tètè padà bọ̀ sípò, nínú hippocampus ehoro. Ní 1982, John Hopfield gba ọ̀nà físíìsì dé ibi tó sún mọ́ èrò Marr nípa ìrántí tí díẹ̀ fi ń jí gbogbo. Iṣẹ́ yẹn wà lára ohun tó mú kí òun àti Geoffrey Hinton pín Ẹ̀bùn Nobel ti físíìsì ní 2024. Ní 1994, Matthew Wilson àti Bruce McNaughton fi hàn pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tó jọ ṣiṣẹ́ nígbà tí eku ń rìn kiri máa ń tún jọ ṣiṣẹ́ nígbà tó bá sùn.

Èyí tó wú mi lórí jù ni ti 2002, láti yàrá ìwádìí Susumu Tonegawa ní MIT. Wọ́n fi eku sínú omi pé kó lúwẹ̀ẹ́ wá pèpéle kan tí kò hàn lójú omi. Àmì tó wà láyìíká nìkan ló lè fi mọ ọ̀nà. Wọ́n ti dá àwọn eku kan lọ́wọ́ kọ́ ní CA3, ibi tí okùn tó ń padà sọ́dọ̀ ara wọn pọ̀ sí jù nínú hippocampus, nípa yíyọ ohun tí ojú ìpàdé ibẹ̀ fi ń yí padà. Nígbà tí gbogbo àmì pé, àwọn eku yìí rí pèpéle gẹ́gẹ́ bíi ti ẹgbẹ́ wọn. Nígbà tí wọ́n mú èyí tó pọ̀ jù nínú àmì kúrò, àwọn eku tó kù ṣì ń lọ síbi pèpéle, àwọn yìí ń lúwẹ̀ẹ́ kiri. Wọn kò gbàgbé. Wọn kò lè fi díẹ̀ mú gbogbo rẹ̀ wá ni. Ohun tí Marr ní apá yẹn wà fún gan-an nìyẹn, ní ọdún 31 ṣáájú.

Kí wá ló dé tí Marr fúnra rẹ̀ fi pa àwọn iṣẹ́ yìí tì? Ó ṣàlàyé rẹ̀ nínú Vision: tíọ́rì cerebellum já òun kulẹ̀, nítorí pé bó tilẹ̀ jóòótọ́, kò kọ́ ènìyàn bí a ṣe máa mú kí apá róbọ́ọ̀tì gbé nǹkan. Ní 1973 ló kọjá sí MIT ní Amẹ́ríkà, sí ilé ìwádìí Marvin Minsky, níbi tí wọ́n ti ń gbìyànjú láti mú kí ẹ̀rọ ríran, kò sì padà sí cerebellum mọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún ìdí tó sọ, ṣùgbọ́n n kò gbà á. Ní 1975, Albus kan náà yìí mú tíọ́rì cerebellum, ó sọ ọ́ di ètò tó ń darí apá róbọ́ọ̀tì, ó pè é ní CMAC, àwọn ẹnjiníà sì lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tí Marr sọ pé kò sí nínú iṣẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹlòmíràn ló yọ ọ́ jáde.

Síbẹ̀, inú ìjákulẹ̀ yẹn ni ọ̀rọ̀ tó mú orúkọ rẹ̀ dúró ti jáde. Òun àti Tomaso Poggio, ọmọ Ítálì tó ń wádìí ìríran eṣinṣin ní Tübingen ní Jámánì nígbà náà, là á sílẹ̀ pé ìpele mẹ́ta ló yẹ ká ti lóye ohunkóhun tó ń ṣe ìṣirò. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbowó nílé ìtajà ńlá ni Marr fi ṣàpèjúwe rẹ̀. Ìpele àkọ́kọ́: kí ni ẹ̀rọ náà ń ṣe, kí sì nìdí? Ó ń ro nǹkan pọ̀ mọ́ra. Ìdí tó fi jẹ́ ìròpọ̀ ni pé ẹni tí kò ra nǹkan kan kò gbọ́dọ̀ san kọ́bọ̀; bóyá ìrẹsì la kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ ni o, bóyá epo ni, owó kò gbọ́dọ̀ yí padà; bí a bá pín ọjà sí ọ̀nà méjì tí a sanwó rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, iye kan náà ló gbọ́dọ̀ jẹ́; ẹni tó bá sì dá ọjà padà gbọ́dọ̀ gba owó rẹ̀ pé. Ẹni tó bá kó àwọn òfin wọ̀nyí jọ, ìròpọ̀ nìkan ló máa kù sí i lọ́wọ́. Ìpele kejì: ọ̀nà wo ni wọ́n ń gbà kọ iye náà, ìlànà wo ni wọ́n sì ń tẹ̀ lé? 37 àti XXXVII kì í ṣe iye méjì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìsọdipúpọ̀ pẹ̀lú ti àwọn ará Róòmù á rí i pé wàhálà ń bẹ. Ẹni tó sì ń pè é ní mẹ́tàdínlógójì ti gbé ogójì àti ohun tí a yọ nínú rẹ̀ síta kí ìṣirò tó bẹ̀rẹ̀. Ìpele kẹta ni ohun tí wọ́n fi kan ẹ̀rọ náà: irin ni, wáyà ni, tàbí sẹ́ẹ̀lì. Marr ní ìpele kẹta yìí nìkan ni àwọn tó ń wádìí ọpọlọ ń wò, wọ́n sì dà bí ẹni tó ń yẹ ìyẹ́ wò lẹ́yọ lẹ́yọ láti mọ bí ẹyẹ ṣe ń fò.

Ó fi ìríran dán ìlànà yìí wò. Ẹ na ìka kan síwájú, kí ẹ di ojú òsì, kí ẹ ṣí i, kí ẹ wá di ti ọ̀tún: ìka á dà bí ẹni pé ó fò. Ìyàtọ̀ yẹn ni ọpọlọ fi ń mọ bí nǹkan ṣe jìnnà tó. Ìṣòro ibẹ̀ ni mímọ ohun tí ojú òsì rí tó bá èyí tí ojú ọ̀tún rí mu. Béla Julesz ti fi hàn láti 1960 pé bí a bá fi àwòrán tó kún fún kìkì tóótòòtó lásán han ojú méjèèjì, tí a sún díẹ̀ nínú ti ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, onígun mẹ́rin kan á yọ síta kedere, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tí ènìyàn lè dá mọ̀ nínú àwòrán kọ̀ọ̀kan. Nínú Science ti 1976, Marr àti Poggio fi òfin méjì yanjú rẹ̀, inú ayé ni wọ́n sì ti mú méjèèjì, kì í ṣe inú ọpọlọ: nǹkan kan kò lè wà ní ọ̀nà jíjìn méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ojú nǹkan sì sábà máa ń dán lọ geere láìfò sókè sódò. Wọ́n kọ òfin yẹn sí kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà náà sì rí onígun mẹ́rin. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ohun tí Marr mú wá tí kò sí tẹ́lẹ̀, èyí ni n ó fi hàn án.

Ìyókù ìwé náà kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí òun àti Ellen Hildreth fi ń wá ìlà etí nǹkan nínú àwòrán, ti 1980, ti John Canny borí rẹ̀ ní 1986, òun sì ni àwọn ẹnjiníà gbà lò. Lórí bí a ṣe ń dá nǹkan mọ̀, Elizabeth Warrington láti Lọ́ńdọ̀nù ló kọ́kọ́ ta Marr jí. Warrington sọ nípa àwọn aláìsàn tí ọpọlọ wọn ti bàjẹ́ lápá ọ̀tún: bí wọ́n bá rí korobá láti ẹ̀gbẹ́, wọ́n mọ̀ ọ́n, bí wọ́n bá yàwòrán rẹ̀ láti òkè, wọ́n á ní kò lè jẹ́ korobá. Àwọn tí tiwọn bàjẹ́ lápá òsì lè máà mọ orúkọ nǹkan, síbẹ̀ kí wọ́n mọ bó ṣe rí. Marr mú un níbẹ̀ pé ọpọlọ ń kọ́ odindi ìrísí nǹkan sílẹ̀ lọ́nà tí kò gbára lé ibi tí ojú wà, òun àti Keith Nishihara sì kọ tíọ́rì rẹ̀ ní 1978. Ẹ̀rí tó dé lẹ́yìn náà kò gbè é. Ní 1995, Nikos Logothetis àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ bá sẹ́ẹ̀lì nínú ọpọlọ ọ̀bọ tó jẹ́ pé ìhà kan pàtó lára nǹkan tuntun ló ń dáhùn sí. Bí wọ́n bá yí nǹkan náà sí ìhà mìíràn, ó dákẹ́.

Àṣìṣe tó jinlẹ̀ jù wà nínú ohun tó pe ìríran gan-an. Lójú Marr, ìríran ni kí a fi ojú mọ ohun tó wà níbi kan. Ní 1991, Melvyn Goodale àti David Milner kọ̀wé nípa obìnrin kan tí ọpọlọ rẹ̀ ti bàjẹ́, tí kò lè sọ bóyá ihò tóóró kan dúró gbọọrọ tàbí ó sùn gbalaja. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé páálí lé e lọ́wọ́ pé kó tì í bọ inú ihò náà, ọwọ́ rẹ̀ yí bó ṣe yẹ kó tó débẹ̀. Ojú rẹ̀ ń tọ́ ọwọ́ sọ́nà láìsọ ohunkóhun fún un. Kò sí àyè fún obìnrin yẹn nínú ìwé Marr.

Ìpele mẹ́ta náà kò ṣàì gba ìbáwí. Patricia Churchland àti Terrence Sejnowski tẹnu mọ́ ọn pé a kò lè ya àwọn ìpele náà sọ́tọ̀ bí Marr ṣe fẹ́, torí ohun tí sẹ́ẹ̀lì lè ṣe ló ń pààlà fún ìlànà tó lè tẹ̀ lé. Òótọ́ ni, pépà Marr ti 1969 àti ti 1971 ni mo sì máa fi jẹ́rìí sí i: ara sẹ́ẹ̀lì ló ti kà á. Poggio pàápàá sọ ní 2012 pé ó yẹ kí ẹ̀kọ́ kíkọ́ àti ìyípadà láti ìran dé ìran di ìpele tiwọn lórí àwọn mẹ́ta náà. Ọdún yẹn gan-an ni ètò AlexNet fi hàn pé bí a bá da àwòrán tó pọ̀ tó sínú kọ̀ǹpútà, á kọ́ ara rẹ̀ láti dá nǹkan mọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ òfin ayé kankan sí i. Àwọn kan ti rò pé ìyẹn ló máa sin Marr.

Kò sin ín. Ní 2019, Robert Geirhos àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Tübingen fi àwòrán ológbò kan tí wọ́n fi awọ erin bò han irú àwọn ètò bẹ́ẹ̀. Ènìyàn rí ológbò. Kọ̀ǹpútà ní erin ni. Ẹni tí kò bá bi í pé iṣẹ́ wo gan-an ni ètò náà kọ́, kò ní mọ̀ pé awọ ló ń wò. Ní 2017, Eric Jonas àti Konrad Kording ti mú ṣíìpù kọ̀ǹpútà kan, MOS 6502, tó ń gbé àwọn eré bíi Donkey Kong, wọ́n sì fi ọgbọ́n tí wọ́n fi ń wádìí ọpọlọ wádìí rẹ̀: wọ́n ba tiransísítọ̀ jẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n wo èyí tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ pẹ̀lú èyí. Wọ́n rí tiransísítọ̀ tó jẹ́ pé bí ó bá bàjẹ́, Donkey Kong nìkan ni kò ní lè ṣiṣẹ́ mọ́. Wọn kò rí bí ṣíìpù náà ṣe ń ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ènìyàn ló ṣe é, gbogbo wáyà rẹ̀ sì wà nínú ìwé.

Ọ̀rọ̀ kan náà ló kan àwọn tó ń ya ètò okùn ọpọlọ. Ní Cambridge, Marr bá Sydney Brenner ṣiṣẹ́, ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ okùn kọ̀ọ̀kan nínú aran kékeré tó ń jẹ́ C. elegans, tí wọ́n sì tẹ ètò sẹ́ẹ̀lì iṣan ìmọ̀lára rẹ̀, gbogbo 302, jáde ní 1986. Ní 2024, ètò odindi ọpọlọ eṣinṣin kékeré tó máa ń bà lé èso jáde, nǹkan bíi 139,000 sẹ́ẹ̀lì. Apá kan wà nínú ọpọlọ eṣinṣin yẹn tó wù mí láti tọ́ka sí. Láti àwọn ọdún 1990 ni àwọn oníṣirò ti bi ara wọn pé kí ni ẹranko nílò kó tó lè mọ ìhà tó kọjú sí nígbà tó bá yí, tí wọ́n sì dáhùn pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tó so kọ́ra yípo bí òrùka ló lè ṣe é. Ara eku ni wọ́n ti ń ronú rẹ̀, kò sì sí òrùka tó hàn sójú nínú eku. Ní 2015, Johannes Seelig àti Vivek Jayaraman wo inú ọpọlọ eṣinṣin láàyè, wọ́n bá òrùka náà: sẹ́ẹ̀lì tò yí po ní tòótọ́, ibi kan lára wọn ń mọ́lẹ̀, ìmọ́lẹ̀ náà sì ń yí bí eṣinṣin ṣe ń yí. Nígbà tí ètò okùn apá yẹn wá tẹ àwọn olùwádìí lọ́wọ́, wọ́n ti mọ okùn tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wá nínú rẹ̀.